Ìkìlọ̀ Àgbà fún Ẹ̀yin Onísáfà Ring Road

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi fóònù sápò, kí ẹ jókòó bí ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́, kó máa yọjú wò bóyá wọ́n ti fẹ́ pín ráìsì. Èyí tó bá yé yín nínú rẹ̀, ẹ fi kọ́ ọmọ yín. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ẹ má kàn máa mi orí sí mi, nítorí orí mímì kò tíì tún sáfà kankan ṣe rí láyé.

Mo wo Ring Road yìí láti Challenge títí dé Mobil. Mo wo ẹ̀yìn ọsibítù Adéọ̀yọ́, mo wo àwọn ilé òkè tó wà nítòsí pápá ìṣeré Liberty, èyí tí wọ́n ti fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ṣùgbọ́n tí ẹnu àwọn awakọ̀ kò tíì gbà. Kò sí èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò fi ṣe ọ́fíìsì nínú wọn. Inú mi dùn sí i. Ọ̀kan ń ṣe wẹ́ẹ̀bù fún ilé-ìwé, òmíràn ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn fún ilé ìwòsàn aládàáni, òmíràn ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣírò owó. Gbogbo yín lẹ ní sáfà. Àwọn kan háyà tiwọn ní Jámánì, wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú omijé. Àwọn kan gbé tiwọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ínfátà, tí wáyà kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ padé. Ibi tí sáfà yín ń sùn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan ṣì wà láàárín yín tó ń lo CentOS 7.

Ẹ bù mí lómi.

CentOS 7 kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Kò kú ikú òjijì. Ọdún 2014 ló jáde, ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n sì ti kéde pé yóò lò. Ọdún mẹ́wàá! Ẹni tó bá bímọ lọ́jọ́ tó jáde, ọmọ ọ̀hún á ti máa múra ìdánwò kọ́mọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ ọmọ Ring Road jókòó ti òkú, ó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ó ní ara bàbá le.

Ọmọkùnrin kan ránṣẹ́ pè mí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì àwọn kò dáa. Mo lọ. Ó ti pa ráútà, ó ti tan án, ó ti fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe hotspot, ó ti bú gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ní Nàìjíríà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó ṣe ohun tó ń ṣe lójú mi. Ó tẹ yum update. Sáfà ronú títí, ó wá kọ ọ́ síta pé òun kò rí ilé kan tó ń jẹ́ mirrorlist.centos.org. Mo ní kó ṣí Google. Google ṣí wọ̀ọ́. Mo ní, ọmọ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ kò ṣe nǹkan kan, ilé tí ò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ti wó. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí vault.centos.org, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ohun tó ti di ìtàn. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ dán: ṣé kí òun yí àdírẹ́sì náà padà sí vault? Mo wò ó, mo tún un wò. Bó bá yí i padà, àròyé tí sáfà kọ síta yẹn á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe tuntun kankan kò sí níbẹ̀. Ihò tí wọ́n bá rí lára CentOS 7 láti ọjọ́ yẹn, ihò náà á wà níbẹ̀ títí ayé, ẹni tó fẹ́ wọlé á sì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìran, nítorí ọmọ tí kò mọ ìtàn OS rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tà á.

Linus Torvalds jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà tó gbé Linux síta ní 1991. Kí ó tó dìgbà yẹn, Richard Stallman ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU láti 1983 ní Amẹ́ríkà, òun ló sì kọ láísẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní GPL, tó ní ẹni tó bá fún ọ ní sọ́fúwíà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o rí kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1993 ni ilé-iṣẹ́ Red Hat ti ń fi nǹkan wọ̀nyí ṣòwò. Ẹ má bú wọn. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan OS wọn, Red Hat Enterprise Linux, fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n ń dí ihò rẹ̀ láìyí ìwà rẹ̀ padà, ìyẹn sì ni báǹkì àti ilé ìwòsàn ń wá. Owó ni wọ́n ń gbà sí i. Èyí tó rọjú jù nínú ìforúkọsílẹ̀ sáfà wọn, tí kò tiẹ̀ ní ẹni tí ẹ lè pè bí nǹkan bá bàjẹ́, 349 dọ́là lọ́dún ni wọ́n tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, iye yẹn kò tó 170,000 náírà ní báǹkì. Kí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti fò kọjá 500,000. Sáfà kan ṣoṣo ni mò ń sọ o.

Nítorí irú owó yìí ni àwọn kan fi dá CentOS sílẹ̀ ní 2004. Wọ́n mú kóòdù tí Red Hat fi síta, wọ́n yọ orúkọ àti àmì Red Hat kúrò lára rẹ̀, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì pín in fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ lórí ti olówó, ó ń ṣiṣẹ́ lórí tiwọn. Àwọn tó ń ta hosting gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, pàápàá àwọn tó ń lo cPanel, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà. Ẹ ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú àwọn tó ṣe é. Ẹ kò kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kankan. Mo mọ̀.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ wá ní ọdún 2009. Lọ́jọ́ 30 oṣù Keje, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ CentOS kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Lance Davis, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ centos.org wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni àkáǹtì owó ọrẹ wà, wọn kò sì rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo sáfà gbogbo ayé, kí àdírẹ́sì tí gbogbo wọn ń lọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò gbé ìpè! Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n pàdé, wọ́n yanjú rẹ̀, aráyé sì padà sùn. Èmi kò sùn. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi pé nǹkan yìí kò ní ìwé. Ó ní kí n jẹun.

Ní oṣù Kìíní 2014, Red Hat gba CentOS sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ó gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síṣẹ́, ó sì di olóhun orúkọ náà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ní oṣù Keje 2019, IBM parí ríra Red Hat fúnra rẹ̀ ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Ìgbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, CentOS 8 jáde, a sì gbọ́ pé yóò wà títí di 2029. Àwọn ọmọ onígbọràn kó gbogbo sáfà wọn lọ sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá 2020 ni Red Hat wá kéde pé ìparí 2021 ni òpin rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ lè máa lo CentOS Stream, èyí tó ń ṣíwájú Red Hat Enterprise Linux dípò kó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́jọ tó kù, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan.

Ẹ máa ṣe bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò! Tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàmù lóru. Àwọn oníná ní kò sí òmíràn nílé. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé, wọ́n bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan, akápò kọ ọ́ sínú ìwé onílà, ó ṣẹ́ eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri ilé àwọn tí kò tíì san. Wọ́n rà á. Àwọn oníná wá pẹ̀lú ọkọ̀ agbẹ́rù, wọ́n gbé e sókè, àwọn ọmọdé pariwo, ẹnì kan gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tiwọn sí i lára. Láti ìgbà yẹn, tiransifọ́mà ti di tiwọn. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á fa wáyà àdúgbò kejì mọ́ ọn, títí iná ilé yín á fi máa pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Alága ẹgbẹ́ wọ agbádá, ó lọ ọ́fíìsì wọn lọ jà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà gbójú sókè, ó bi í ní ìbéèrè kan péré: «Bàbá, ìwé dà?»

Ìwé dà! Ìbéèrè yẹn ni mo ní kí ẹ máa bi gbogbo OS tó bá ní òun jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ má bi í pé èló ni. Gbogbo wọn ló máa ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi í pé: orúkọ rẹ, ta ló ni ín? Ta ló lè sọ pé ó parí? Bí ẹni yẹn bá ta ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́la, ta ni wọn ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí Red Hat ṣe ìkéde yẹn gan-an ni Gregory Kurtzer, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ CentOS, sọ pé òun á tún òmíràn dá sílẹ̀. Ó pè é ní Rocky Linux, láti fi rántí Rocky McGaugh tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ CentOS, tó ti kú kí iṣẹ́ náà tó di ohun ńlá. Mo gba ìyẹn fún un tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tó rántí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yẹ ká fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, Rocky jáde. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ CloudLinux, ti Igor Seletskiy jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ti gbé AlmaLinux síta, ó sì ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún fún un. Ohun tó wá mú kí n yọ fìlà mi ni pé wọn kò fi nǹkan náà sápò. Wọ́n gbé e fún àjọ kan tí kì í ṣe tèrè, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dìbò yan ìgbìmọ̀. Rocky náà ní àjọ tirẹ̀, tí Kurtzer dá sílẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àǹfààní aráàlú. Mi ò bú u. Mo kàn fẹ́ràn ìwé tí èmi náà lè dìbò sínú rẹ̀ ju ìwé tí wọ́n ní kí n fọkàn tán lọ.

Ìdánwò dé bá àwọn méjèèjì ní oṣù Kẹfà 2023. Red Hat ní láti ìsinsìnyí lọ, kóòdù Enterprise Linux gan-an ti di ti àwọn oníbàárà òun, ti CentOS Stream nìkan ni gbogbo ayé yóò máa rí. Rocky ní àwọn kò ní yí padà, pé àwọn á wá ọ̀nà rí kóòdù náà lábẹ́ òfin, àwọn á sì jọ Red Hat títí dé orí àléébù rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, CIQ, ilé-iṣẹ́ Kurtzer, pẹ̀lú SUSE àti Oracle, dá ẹgbẹ́ OpenELA sílẹ̀ láti gbèjà kóòdù tó wà ní gbangba. Oracle! Mo ní kí wọ́n tún un kà fún mi, kí wọ́n kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí èèyàn bá pẹ́ láyé, á rí ológbò tó ń ṣe agbẹjọ́rò fún eku. AlmaLinux ní tirẹ̀ ní òun kò ṣe àdàkọ lẹ́tà sí lẹ́tà mọ́: ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Red Hat gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí òun, ìyẹn náà ni òun jẹ gbèsè rẹ̀.

Àwọn èwe kan sọ fún mi pé ìyẹn kò dúró ṣinṣin. Mo ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wọn.

Torí kí la ń rà níhìn-ín? Tòkunbọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù lò ó títí ó fi sú wọn, wọ́n dì í sínú àpótí, ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú lẹ́bẹ́ẹ̀lì nọ́ńbà ilé tó ti wá lára rẹ̀. HP ProLiant Gen8, Dell PowerEdge R720, irin tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Chip inú wọn jẹ́ ti nǹkan bí 2012. Red Hat 10 tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2025 ní òun kò jókòó sórí irú wọn mọ́, x86-64-v3 ni òun ń fẹ́, ìyẹn lára àwọn Intel ti 2013 síwájú. Rocky 10 tẹ̀ lé e, nítorí àdàkọ ni àdàkọ ń jẹ́. AlmaLinux 10 nìkan ló jókòó, tó ro ti mẹ̀kúnnù, tó tún kọ́ ẹ̀dà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún v2, irú chip àtijọ́ tiyín yẹn. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, láti 9.4 ni wọ́n ti dá ìtìlẹ́yìn padà fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí Red Hat ti gé kúrò. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì, ẹ tẹ lscpu, kí ẹ wá avx2, tó jẹ́ àmì v3, nínú ohun tó bá kọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ti mọ ìran tí ẹ ti wá, ẹ má bá olówó du ìjókòó.

Ẹni tí cPanel kò so mọ́lẹ̀ ńkọ́, tí kò sì sí sọ́fúwíà kan tó ń fi dandan béèrè ìdílé Red Hat? Ẹ sún mọ́ mi, nítorí ibi tí ọkàn mi wà gan-an nìyí. Debian.

Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1993, ó fi orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Debra pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìfẹ́ ọ̀hún yóò dé ìgbéyàwó, yóò sì tú ká. OS kò tú ká. Ní 1997 wọ́n kọ àdéhùn wọn pẹ̀lú aráyé sílẹ̀ dúdú lórí funfun, wọ́n sì ní òfin ẹgbẹ́ láti 1998. Ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan olórí, ọdún kan ni ó sì ní kó fi ṣe é. Àjọ aláìlérè kan tó ń jẹ́ SPI ló di orúkọ náà mú fún gbogbo wọn, kò sí ìdílé tó lè fi jogún, kò sí báǹkì tó lè fi gba gbèsè. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mo mọ iyì oyè tí ọmọ ọba kankan kò lè sọ pé ti bàbá òun ni. Ohun kan sì wà nínú ìbò wọn tí mo fẹ́ kí àwọn olóṣèlú wa gbọ́: lórí ìwé ìdìbò Debian, àyè kan wà fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tó wu òun nínú gbogbo wọn. Ẹ fún Ìbàdàn ní irú àyè yẹn lọ́jọ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ wo ohun tójú yín máa rí.

Debian kì í ṣe nǹkan òkèèrè tó jìnnà sí wa. Àwọn olùwádìí ẹ̀gẹ́ ní IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn, ń kó àkọsílẹ̀ irúgbìn wọn sínú Cassavabase, tí sọ́fúwíà tó gbé e dúró, Breedbase, ń jókòó sórí Debian. Ẹ ń mu gààrí, ẹ ò mọ ẹni tó ń bá yín ka ẹ̀gẹ́.

Àléébù Debian ni pé ọdún márùn-ún ni ìtọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kò tó mẹ́wàá ti ìdílé Red Hat. Àwọn kan á tún sọ pé ó lọ́ra, pé sọ́fúwíà inú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jẹ́ tuntun. Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi sùúrù ran ẹni tó ń tọ́jú sọ́fúwíà xz lọ́wọ́ fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣe dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, títí wọ́n fi fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ kó lè wọ sáfà gba ojú SSH. Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, onímọ̀ PostgreSQL kan, nítorí pé wíwọlé SSH rẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de page fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ẹ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Májèlé náà ti dé inú ẹ̀dà ìdánwò Debian, ó sì ti dé ti Fedora, ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀dà Debian tó fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Red Hat Enterprise Linux. Àwọn tó ń yára ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ubuntu, mo bọ̀wọ̀ fún un. Láti ara Debian ló ti jáde ní 2004, ọmọ South Africa, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀, orúkọ Áfíríkà ló sì jẹ́. Ní ayé ìgbà tí dátà wọ́n bí wúrà, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, Nàìjíríà pẹ̀lú, àní owó ọkọ̀ wọn kò gbà, títí wọ́n fi dá a dúró ní 2011. Mo ṣì ní tèmi, ó wà láàárín Bíbélì àti ìwé owó-orí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ìwé dà, ìwé Canonical ló máa mú jáde, ilé-iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹ lò ó bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì mọ ilé ẹni tí ẹ ń gbé.

Mo fẹ́ bá àwọn kan wí báyìí. Ọmọ kan gbé fóònù wá, ó fi uptime sáfà rẹ̀ hàn mí: ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọn kò tíì pa á tan. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ bi í pé àdúgbò wo ló ń gbé ní Ìbàdàn tí iná kì í lọ. Ó ní sáfà ọ̀hún wà ní Jámánì. Mo ní ó dáa, ṣé o mọ̀ pé kernel ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ò ń gùn kiri? Gbogbo àtúnṣe tó o ń gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà ni èyí tó jẹ́ ti kernel jókòó sí, ó ń dúró de reboot. Ẹ̀rín náà kò pé mọ́.

Àwọn kan tún burú ju ìyẹn lọ. Debian wà lọ́fẹ̀ẹ́, AlmaLinux wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fo àwọn méjèèjì dá, wọ́n lọ jí Windows Server, wọ́n fi crack ṣí i, crack tí ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n wá kó àkọsílẹ̀ aláìsàn sórí rẹ̀. Mo ń sọ fún yín pé láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ni ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dátà aráàlú. Ẹni tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè sọ fún adájọ́ pé hotspot ìyá yín ni.

Ẹ̀yin tí ẹ yan èyí tó tọ́, ẹ má rò pé mo ti dá yín sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ tí ẹ ń jẹ, ẹnì kan ló ń fi oorun rẹ̀ san án. Tí ẹ bá rí àléébù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn ní kíkún: ẹ̀dà wo, àṣẹ wo lẹ tẹ̀, kí ló dáhùn. Ẹ má kọ «ó ń ṣe wéré». Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AlmaLinux, kí ẹ dìbò. Ẹ̀yin oní-Debian, ẹ ṣètò apt-cacher-ng, tó ń tọ́jú ohun tí ẹ bá ti fà wọlé, sí ọ́fíìsì, kí sáfà mẹ́fà má máa fa ohun kan náà láti òkèèrè lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà, tí báǹkì kò lè sanwó, tí gbogbo wa ń wo ara wa.

Ó ku ọmọ tó ní CentOS 7. Dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ọ. Irinṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ AlmaLinux tó ń jẹ́ ELevate: ó máa gbé ọ láti CentOS 7 lọ sí AlmaLinux 8, lẹ́yìn náà láti 8 lọ sí 9. Má fò ó. Sọ fún àwọn oníbàárà rẹ láti Ọjọ́bọ̀. Ra dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, torí alẹ́ Sátidé lo máa ṣe é, nígbà tí gbogbo Ring Road bá ti lọ òde àríyá. Kó backup rẹ sí ibòmíràn, kí o sì ṣí i wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fáìlì tó wà níbẹ̀ tí kò ṣí kì í ṣe backup. Bí o kò bá ní backup rárá, má tẹ nǹkan kan. Wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé yìí, kí o mú bàbá rẹ dání.